Honda CB750

Honda CB750 ni alùpùpù onísìlíńdà mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ Honda ti Jàpáàn fi han aráyé ní Tókíò lóṣù kẹwàá ọdún 1968, tó sì dé ọjà lọ́dún 1969. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 736 cc (ìyẹn àyè inú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí epo ti ń jóná), agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 67, jíà rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, eré rẹ̀ sì ń sún mọ́ 200 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ọjà Amẹ́ríkà ló fà á tí wọ́n fi ṣe é. CB450, alùpùpù tó kéré sí i tí Honda ti gbé lọ síbẹ̀, kò tà tó bí wọ́n ṣe fẹ́, torí alùpùpù ńlá làwọn ará ibẹ̀ ń wá. Yoshiro Harada, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Honda, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Harley-Davidson, alùpùpù àwọn ará Amẹ́ríkà, tó jẹ́ 1,300 cc ní agbára ẹṣin 66, ni Honda bá ní tàwọn gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan lé e.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà pọ̀ sí jù ni kíránkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì láti gbé agbára rẹ̀ jáde. Nínú àwọn alùpùpù ìdíje Honda, ègé-ègé ni wọ́n máa ń to kíránkì pọ̀, èyí tó ń gba àkókò àti owó. Odidi irin kan ṣoṣo ni wọ́n rọ ti CB750, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣeé ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Bíréèkì iwájú náà yàtọ̀: bí ẹni tó ń gùn ún bá fa ọwọ́ bíréèkì, ọ́ìlì á ti páàdì mọ́ díìsì irin tó ń bá táyà yí. Sítátà oníná sì wà lára rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ nígbà náà kí alùpùpù kan ní gbogbo èyí, kó sì jẹ́ dọ́là 1,495 péré.

Honda fúnra rẹ̀ kò retí bó ṣe tà. Ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n rò pé àwọn á máa ṣe lọ́dún. Kò pẹ́ tí iye yẹn fi di ti oṣù kan, lẹ́yìn náà ó di 3,000 lóṣù. Nítorí iyèméjì ìbẹ̀rẹ̀ yìí, mọ́ọ̀dì tí kò wọ́n ni wọ́n fi ṣe ilé ẹ́ńjìnnì àwọn àkọ́kọ́, ara irin wọn kò sì dán. Àwọn tó ń kó alùpùpù àtijọ́ jọ ń fi owó ńlá wá wọn báyìí.

Lọ́dún 1970, Dick Mann, eléré ìje alùpùpù, fi èyí tí wọ́n tún ṣe fún ìdíje gba ipò kìn-ín-ní ní Daytona 200, ìdíje alùpùpù kan ní Amẹ́ríkà. Kawasaki, ilé-iṣẹ́ alùpùpù mìíràn ní Jàpáàn, tó ti ń ṣe onísìlíńdà mẹ́rin 750 tirẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ kí Honda tó ṣáájú rẹ̀, padà lọ sọ ọ́ di 903 cc, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1972 lórúkọ Z1.