Bí dókítà eyín ṣe ń di ẹni tó ń ka àwòrán àgbọ̀n

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ X-ray ya eyín àti ẹni tó ń ka àwòrán náà, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Dókítà eyín ni ẹni kejì yìí, tó lọ kàwé kún ìwé lórí àwòrán eyín, àgbọ̀n àti egungun ojú. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì dunni pé díẹ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn eyín n'Íbàdàn ló máa ń rántí rẹ̀ bí wọ́n bá ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà.

Ohun tó ń kà ju eyín tí kòkòrò jẹ lọ. Ẹ wo àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó ń wú díẹ̀díẹ̀. Ó lè jẹ́ ameloblastoma, kókó tó máa ń hù láti ara ohun tó ń di eyín. Kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pẹ́ kí wọ́n tó délé ìwòsàn. Nínú X-ray, ó lè rí bí ìfófòó ọṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àrùn mìíràn wà tó jọ ọ́. Dókítà yóò wo etí kókó náà bóyá ó mọ́ tàbí ó fọ́n ká, yóò wo gbòǹgbò eyín bóyá kókó náà ti jẹ ẹ́, yóò wá wo ibi tó ti iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ètè ìsàlẹ̀ sí. Ẹran ara tí wọ́n bá gé lọ yẹ̀wò ló ń fìdí orúkọ àrùn múlẹ̀, àmọ́ àwòrán ló ń jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ mọ ibi tí òun máa gé dé.

Ẹ̀rọ CBCT, irú ẹ̀rọ X-ray kan tó ń yí orí ká láti ya àwòrán oníhà mẹ́ta (3D), tún fẹ iṣẹ́ náà lójú. Bó ṣe eyín kan ṣoṣo ni wọ́n torí ẹ̀ yà á, oríkèé àgbọ̀n, àwọn ihò inú egungun ojú, nígbà míì egungun ọrùn pàápàá, lè wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kà. Òun náà ló yẹ kó sọ pé X-ray kékeré ti tó, pàápàá fún ọmọdé, torí ìtànṣán kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Ọ̀nà rẹ̀ gùn. Ọdún 6 ni BDS, oyè àkọ́kọ́ nínú ìṣègùn eyín, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọdún 1 housejob (iṣẹ́ abẹ́ ọ̀gá nílé ìwòsàn lẹ́yìn ìgboyè), ọdún 1 àgùnbánirọ̀, kí ẹ̀kọ́ àkànṣe tó bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ti kà á sí ẹ̀ka tó dá dúró lọ́dún 1999, ẹ̀kọ́ náà máa ń gba ọdún 2 sí 3.

Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ lè má gbádùn rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́, yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ àti ìjábọ̀ kíkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó bá òun mu lè bẹ̀rẹ̀ kó tó gboyè: kó ka X-ray gbogbo tó bá rí, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó tó ka ìjábọ̀ ọ̀gá.