Àwọn ilé ìròyìn olómìnira àti ìṣèlú ẹ̀yà ní Bósníà àti Hẹsẹgófínà

Ní Bósníà àti Hẹsẹgófínà, orílẹ̀-èdè kan ní ìwọ̀-oòrùn agbègbè Balkan ní Yúróòpù, ilé ìròyìn olómìnira ni èyí tó ń ròyìn fún gbogbo ẹ̀yà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀yà kankan. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1991, tí orílẹ̀-èdè náà ṣì wà lára Yugosláfíà, àwọn Bosniak, tí ìwé ìjọba ń pè ní Mùsùlùmí nígbà náà, jẹ́ nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùgbé rẹ̀, àwọn Serb jẹ́ ìdá 31, àwọn Croat sì jẹ́ ìdá 17. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jọ ń gbé àdúgbò kan náà, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń gbọ́ èdè ara wọn láìsí ògbufọ̀. Ẹ̀sìn àti ìtàn ìdílé ló fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn: Ìsìláàmù ni ti àwọn Bosniak, ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ni ti àwọn Serb, ìjọ Kátólíìkì ni ti àwọn Croat.

Kí ìbọn tó dún ni ìjà lórí ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdìbò ọdún 1990, èyí tó tẹ̀lé òpin ìjọba Kọ́múníìsì, ẹgbẹ́ mẹ́ta tó dúró lórí ẹ̀yà ló gbégbá orókè: SDA ti àwọn Bosniak, SDS ti àwọn Serb àti HDZ ti àwọn Croat. Ẹnu wọn kò kò lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ó kò lórí pé ilé aṣòfin ni kó máa yan olóòtú àti ọ̀gá àwọn ilé ìròyìn. Àwọn akọ̀ròyìn pe òfin náà lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì dá wọn láre. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò lè ṣọ́ òpó tẹlifíṣàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, àwọn Serb tó dira ogun gba òpó tó wà lórí òkè Kozara ní ìhà àríwá, wọ́n sì yí i padà kó máa gbé ètò Belgrade, olú-ìlú Sẹ́bíà, sáfẹ́fẹ́ dípò ti Sarajevo, olú-ìlú Bósníà. Láti ìgbà náà, ohun tí ìjọba Slobodan Milošević, ààrẹ Sẹ́bíà, fọwọ́ sí ni ọ̀pọ̀ ará agbègbè Banja Luka àti Prijedor ń rí wò lálaalẹ́, wọ́n sì ń gbọ́ léraléra pé aládùúgbò wọn ń múra láti pa wọ́n. Ó ṣòro láti ṣàlàyé bí ìbẹ̀rù ṣe tàn kíákíá tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ti jọ gbé pọ̀ pẹ́ láìmẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àwọn òpó wọ̀nyí.

Ìwé ìròyìn tí ìtàn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ ni Oslobođenje ti Sarajevo. Àwọn jagunjagun Partisan tó ń bá àwọn ọmọ ogun Hitler jà ló dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1943. Ohùn ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ní ìparí ọdún 1988 àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn dìbò yan Kemal Kurspahić ní olóòtú àgbà, ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lábẹ́ àpá ẹgbẹ́. Ọmọ Bosniak ni Kurspahić. Igbákejì rẹ̀ nígbà ogun, Gordana Knežević, jẹ́ ọmọ Serb. Ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú yàrá ìròyìn náà, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì wà títí ogun fi dé.

Ogun dé ní oṣù Kẹrin ọdún 1992. Àwọn ọmọ ogun Serb ti Bósníà sàga ti Sarajevo, ìsàgatì náà kò sì tú títí di oṣù Kejì ọdún 1996. Ilé gíga Oslobođenje wà ní Nedžarići, létí ibi tí àwọn ọmọ ogun ti dojú kọ ara wọn gan-an. Bọ́ǹbù fọ́ ọ, iná jó o, òkè rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ fún ìgbà bọ́ǹbù, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Wọ́n ń pín ara wọn sí ọ̀wọ́: ọ̀wọ́ kan á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, a sì máa sùn síbẹ̀, nítorí ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ wà ní gbangba fún àwọn tó ń yìnbọn láti ibi tí wọ́n lúgọ sí. Epo jẹnẹrétọ̀ ló ń sọ iye ẹ̀dà tí wọ́n máa tẹ̀. Nígbà tí bébà ìwé ìròyìn tán, bébà aláwọ̀ yòówù tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń lò, ìwé náà sì fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú ewé díẹ̀ ló ń ní. Àwọn akọ̀ròyìn fúnra wọn ló ń gbé e lọ tà láàárín ìgboro. Ojú ewé ìkéde òkú wà lára ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, torí tẹlifóònù ti kú, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ẹbí fi lè mọ ẹni tó ti lọ.

Òṣìṣẹ́ ìwé náà kò bọ́ lọ́wọ́ ikú. Kjašif Smajlović, aṣojú rẹ̀ ní Zvornik, ni wọ́n pa ní oṣù Kẹrin ọdún 1992 nígbà tí àwọn Serb tó dira ogun gba ìlú náà. Ní ọdún 1993, Ilé Aṣòfin Yúróòpù fún Oslobođenje ní Ẹ̀bùn Sakharov, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Àwọn mìíràn náà gbìyànjú. Yutel, tẹlifíṣàn tí ìjọba àpapọ̀ Yugosláfíà gbé kalẹ̀ ní Sarajevo ní ọdún 1990, fẹ́ bá gbogbo orílẹ̀-èdè náà sọ̀rọ̀; ó parí ní ọdún 1992, nígbà tí orílẹ̀-èdè tó ń bá sọ̀rọ̀ ti fọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni AIM bẹ̀rẹ̀, ìsopọ̀ àwọn akọ̀ròyìn láti olú-ìlú tó ń bá ara wọn jagun, tí wọ́n ń pín ìròyìn fún ara wọn nígbà tí tẹlifóònù láàárín ìlú wọn ti gé.

Àdéhùn Dayton, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1995, pa ìbọn lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yà sínú ìwé òfin. Ààrẹ mẹ́ta ló jọ ń ṣàkóso, Bosniak kan, Croat kan, Serb kan. Ọmọ Roma tàbí Júù kò lè díje fún ipò náà. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dájọ́ ní ọdún 2009, nínú ẹjọ́ tí Dervo Sejdić àti Jakob Finci pè, pé ìyàsọ́tọ̀ ni èyí. Ètò yìí kan ilé ìròyìn tààrà. Olóṣèlú tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ nìkan ló ti ń wá ìbò kò nílò láti bá ẹ̀yà mìíràn sọ̀rọ̀, ilé ìròyìn tó bá sì ń bá gbogbo ẹ̀yà sọ̀rọ̀ kì í rí olóṣèlú tó máa gbé ìpolówó ìjọba fún un. Àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè náwó sórí tẹlifíṣàn OBN láti ọdún 1996 kó lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀yà. Nígbà tí owó wọn dáwọ́ dúró, ó di ilé iṣẹ́ oníṣòwò.

Lónìí, BHRT, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn gbogbo orílẹ̀-èdè, wà nínú gbèsè ńlá, apá kan nítorí pé RTRS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ti Republika Srpska, ìhà tí àwọn Serb ti pọ̀ jù, kò san ìpín BHRT nínú owó tí àwọn ará ìlú ń dá fún rédíò àti tẹlifíṣàn. Tẹlifíṣàn N1, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014 pẹ̀lú yàrá ìròyìn ní Sarajevo, Belgrade àti Zagreb, olú-ìlú Kroéṣíà, wà lára àwọn tó ṣì ń ròyìn kọjá ààlà ẹ̀yà. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ilé aṣòfin Republika Srpska sọ ìbanilórúkọjẹ́ di ẹ̀sùn ọ̀daràn padà, lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú òfin ọ̀daràn, owó ìtanràn sì ni ìjìyà rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn láti gbogbo apá orílẹ̀-èdè náà ló jọ ta kò ó.