Ọ̀rọ̀ kan tó ṣí ilẹ̀kùn G1: ibi tí custom ROM Android ti ṣẹ̀ wá

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ẹnì kan ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ tàkùrọ̀sọ lórí fóònù tuntun. Olólùfẹ́ bi í pé kí ló dé tó dákẹ́. Fóònù ọ̀hún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tó tún tàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan péré ló tẹ̀ láti fi dáhùn: “Reboot”. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ni fóònù tún kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan padà fúnra rẹ̀.

G1 ni fóònù náà. HTC ló ṣe é, T-Mobile sì ti ń tà á ní Amẹ́ríkà láti oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Òun ni fóònù Android àkọ́kọ́ tó dé ọjà. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lábẹ́ ojú rẹ̀, èèyàn á kọ́kọ́ ti ojú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó rí i. Àṣé àwọn tó kọ Android ti gbàgbé nǹkan kan sínú ètò tí fóònù fi ń tàn. Nítorí ìgbàgbé yìí, gbogbo lẹ́tà téèyàn bá tẹ̀ ló ń gba ọ̀nà méjì lọ: ọ̀kan ń lọ síbi tí onífóònù ń kọ̀wé sí, èkejì ń gba abẹ́lẹ̀ lọ sọ́dọ̀ shell (ètò tó ń gba àṣẹ téèyàn bá tẹ̀, tó sì ń mú un ṣẹ) tó ní agbára root. Root ni ọ̀gá pátápátá nínú fóònù. Kò sí fáìlì tí kò lè ṣí, kò sì sí ohun tí kò lè yí padà.

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀nà àtilò ó fi tàn ká. Kéèyàn ṣí kíbọ́ọ̀dù, kó tẹ Enter lẹ́ẹ̀mejì, kó tẹ “telnetd”, orúkọ ètò tó ń jẹ́ kéèyàn lè wọlé pàṣẹ fún fóònù, kó tún tẹ Enter. Fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń jẹ́ “telnetd” láàárín àwọn téèyàn ní nọ́ńbà wọn, nítorí ohun tó rò pé wọ́n ń béèrè nìyẹn. Kéèyàn má dá a lóhùn. Ilẹ̀kùn ti ṣí lábẹ́lẹ̀. Téèyàn bá wá fi áàpù telnet wọ inú fóònù kan náà, àmì tó máa pàdé ni #, kì í ṣe $. Ẹni tó bá mọ Linux, ètò tí wọ́n gbé Android lé lórí, mọ ìyàtọ̀ méjèèjì: $ ni àlejò, # ni onílé.

Google tètè dí ihò náà pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n pè ní RC30. Àwọn tó ti gbà á kò jókòó tẹtẹrẹ. Wọ́n gbé RC29, ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀, sórí mẹ́mọ̀rì káàdì, wọ́n dá fóònù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tẹ telnetd wọn níbẹ̀. Ohun tó kù ni bí wọn ò ṣe ní í pàdánù ohun tí wọ́n rí gbà. Recovery ni ètò kékeré tí fóònù fi ń gba àtúnṣe, kò sì gba àtúnṣe tí kò bá ní ìbuwọ́lù Google. Ẹni tó ń jẹ́ JesusFreke ló ṣe recovery mìíràn, èyí tó ń gba àtúnṣe tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àyẹ̀wò tó wà ní gbangba nínú kóòdù Android buwọ́ lù. Láti ìgbà náà, tí Google bá gbé àtúnṣe jáde, á mú un, á dá root padà sínú rẹ̀, á sì gbé e lé àwọn èèyàn lọ́wọ́. ROM, tàbí custom ROM, ni wọ́n ń pe irú àkójọ bẹ́ẹ̀, orúkọ tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo Windows Mobile ṣáájú wọn. Àwọn wọ̀nyẹn a máa sọ pé àwọn ń se ROM, wọ́n á sì pe irinṣẹ́ wọn ní ilé ìdáná.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ti ìka kejì. Ìka kan ṣoṣo ni G1 ń gbọ́ tiẹ̀. Èèyàn ò lè fi ìka méjì fẹ àwòrán lójú rẹ̀. Gbogbo wa la gbà pé bí wọ́n ṣe ṣe ojú náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kóòdù Android ti wà ní gbangba láti oṣù kẹwàá ọdún 2008, àwọn kan sì kà á dé apá tó ń bá ojú fóònù sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé ojú náà ń ròyìn ìka kejì, kóòdù tó yẹ kó gba ìròyìn ọ̀hún ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Ryan Gardner tú u sílẹ̀ kí oṣù kọkànlá yẹn tó parí, ó sì fi hàn pé G1 mọ ìka méjì. Nígbà tó yá, ó wọ inú àwọn ROM, àwọn èèyàn wá ń fi ìka méjì fẹ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù tí wọ́n sọ fún wọn pé kò lè ṣe é. Wọn ò ra nǹkan kan kún un. Owó ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti san lọ́jọ́ tí wọ́n ra fóònù.

Nígbà tí JesusFreke fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2009, Steve Kondik, tí wọ́n mọ̀ sí Cyanogen, ló gbà á. Bí CyanogenMod, ROM tirẹ̀, ṣe di ńlá nìyẹn. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà ni lẹ́tà Google dé: kó má pín Gmail, Maps, YouTube àti Market (ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù nígbà náà) mọ́, torí pé kóòdù wọn kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ó parí nìyẹn. Kondik yọ àwọn áàpù náà kúrò. Ètò tó fi ń gbé ROM wọlé á wá kọ́kọ́ tọ́jú àwọn áàpù Google tó bá fóònù wá láti ilé iṣẹ́, á gbé ROM wọlé, á sì dá wọn padà sáyè wọn. Mo gbà pé ọgbọ́n yẹn ló gba gbogbo iṣẹ́ náà là.

Lóṣù kìíní ọdún 2010, Google fúnra wọn gbé Nexus One jáde. Ìyẹn ò nílò ihò kankan: èèyàn á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á tẹ “fastboot oem unlock”, á ka ìkìlọ̀ pé wàràńtì ti lọ, á sì gbà. Látìgbà náà, àwòrán àgádágodo tó ṣí sílẹ̀ á máa yọ nígbàkigbà tí fóònù bá ń tàn. Ibẹ̀ náà ni rédíò kan wà ní ìpamọ́. Inú chip kan náà tó ń ṣe Wi-Fi àti Bluetooth ni rédíò FM wà, síbẹ̀ kò sí áàpù tó lè pè é jáde. CyanogenMod jí i lọ́dún yẹn. Èèyàn á ki wáyà etí bọ̀ ọ́ kó lè di eriali, rédíò á sì máa sọ̀rọ̀. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé títú fóònù ẹni sílẹ̀ láti lo áàpù tó wuni kò lòdì sí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́.

Ní ti G1, Android 1.6 ni ilé iṣẹ́ bá a dé. 192 MB péré ni RAM rẹ̀, wọ́n sì ti ń wo ibòmíràn. CyanogenMod 6.1 gbé e dé Android 2.2, ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí CyanogenMod fúnra rẹ̀ kógbá sílé lóṣù kejìlá ọdún 2016, àwọn tó ń kọ ọ́ kó kóòdù náà, wọ́n sọ ọ́ ní LineageOS, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.