Ìwé third party kì í ṣe ti ọlọ́pàá

Ẹ bi ẹni tó ń wakọ̀ ní Adó-Èkìtì pé kí ni ìnṣọ́ránsì third party tó wà nínú patikúlà rẹ̀ wà fún. "Ti ọlọ́pàá ni, kí wọ́n má baà dá mi dúró ní Ìjìgbò." Ẹ wá bi ẹni tí mọ́tò gbá. Ìyẹn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Ohun tó gbà ni pé bí ẹni tó gbá òun bá lówó, tó sì láàánú, á sanwó ọsibítù. Bí kò bá ní, ẹjọ́ ti tán, kí á máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gbá àbúrò bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ń ta iṣu ní Ìkẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọdá títì. Itan wọn kán. Ní téṣàn, ọlọ́kọ̀ kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 náírà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, gbogbo wa sì ní ó káre, ẹlòmíràn ì bá ti sá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan buwọ́ lùwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Owó yẹn kò tó ra irin tí dókítà ní àwọn máa fi sí itan náà. Bẹ́ẹ̀ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ yẹn kò tíì kú o. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ nínú wa.

Orúkọ rẹ̀ ló ṣì wá lọ́nà. Nínú àdéhùn yìí, ọlọ́kọ̀ tó ra ìwé ni ẹni kìíní, ilé iṣẹ́ tó tà á ni ẹni kejì. Ẹni kẹta, tí òyìnbó ń pè ní third party, ni gbogbo àwa yòókù: ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ọlọ́kadà tí wọ́n ti ṣubú, ìyá tó pàtẹ sétí títì, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kejì. Ọlọ́kọ̀ ló sanwó, àmọ́ àwa ló rà á fún. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti awakọ̀, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ló máa bá a san ohun tó jẹ ẹni tó ṣe léṣe: owó ìtọ́jú, owó iṣẹ́ tí ìyẹn ò lè lọ, àti ti ìrora pẹ̀lú. Gbèsè ni, kì í ṣe àánú. Láti 1945 ni wọ́n ti ṣòfin rẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí ẹni tó ní mọ́tò l'Ékìtì ò ju kíún lọ, òfin ìnṣọ́ránsì tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 náà sì fi í sílẹ̀ ní dandan.

Ẹ má wá yí i sódì kejì o. Ẹni tó fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ gọ́tà ní ọ̀nà Ìyìn kò lè gbé third party tirẹ̀ kalẹ̀ pé kí wọ́n fi tọ́jú òun. Ẹni kìíní ni. Bó bá fẹ́ ìyẹn, kó ra èyí tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì kà á dáadáa kó tó buwọ́ lù ú.

Nígbà tí àjọ tó ń darí ìnṣọ́ránsì, NAICOM, gbé owó ìwé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti 5,000 náírà sí 15,000 ní January 2023, ariwo pọ̀. Àjọ náà ní ìwé ọ̀hún á máa san tó mílíọ̀nù 3 náírà. Mílíọ̀nù 3 yẹn, ti dúkìá tí ọkọ̀ bà jẹ́ ni: bọ́ńpà, ògiri, ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe iye tí wọ́n fi lé ẹsẹ̀ èèyàn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ọkọ̀ tó gbá yín ní ìwé gidi? Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú. Àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní àkójọ àwọn ọkọ̀ tó ní ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní NIID. Ẹ lè fi nọ́ńbà náà yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ayédèrú pọ̀ nígboro, kò sì sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò san kọ́bọ̀. Ní February 2025 ni ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè, èyí tó tún wá mú kí àwọn èèyàn rò pé lóòótọ́, ti ọlọ́pàá ni.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ti risíìtì. Bí owó ọsibítù bá ti ga, ẹbí á gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun lábúlé. Mi ò bú wọn, ọwọ́ àwọn mìíràn dá. Àmọ́ wọn kì í kọ ìwé: owó, ewúrẹ́ àti òróró tí ẹ kó lọ, kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí ẹ lè nà sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé, kí wọ́n fi déètì sí i. Ti ọsibítù, ẹ tọ́jú káàdì, àwòrán eegun, risíìtì oògùn, títí dé owó ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ lọ sí Ìdó tàbí Adó. Ẹ gba ìwé ọlọ́pàá tàbí ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lórí bí ìjàǹbá náà ṣe ṣẹlẹ̀. Kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tó ilé iṣẹ́ náà létí kíákíá. Bí wọ́n bá ń fà á nílẹ̀, lọ́yà àti NAICOM wà.

Àwọn kan máa ń sá fún ọsibítù ní wákàtí àkọ́kọ́ nítorí pé owó ò sí lọ́wọ́. Òfin ètò ìlera ti 2014 ní ilé ìwòsàn kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Pé wọn kì í fìgbà gbogbo tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ní Ìlú Ọba, òfin kan wà láti 1999 tó jẹ́ kí ìjọba gba owó ìtọ́jú fún ọsibítù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì awakọ̀, aláìsàn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Níbí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sanwó, ẹ̀yin náà lẹ máa lọ gbà á.

Ìwé "ọ̀rọ̀ ti parí" tí wọ́n ń kọ ní téṣàn ńkọ́? Òun ni ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa kọ́kọ́ yọ síta lọ́jọ́ tí ẹ bá padà wá. Ẹ gba owó ìrànwọ́ tí ọlọ́kọ̀ bá fún yín, kò burú, àmọ́ kí ìwé sọ pé owó ìtọ́jú ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Ọlọ́kọ̀ alára ń ṣe ara rẹ̀: àdéhùn tó rà sọ pé kó má ṣe gbẹ̀bi tàbí ṣèlérí owó láìjẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà mọ̀.

Àbúrò bàbá mi ṣì ń tiro díẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn lọ́dún tó kọjá, wọ́n dákẹ́ lórí iṣu tí wọ́n ń tò, wọ́n wá bi mí pé ṣé ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ yẹn mọ̀ pé òun ti sanwó wọn tẹ́lẹ̀. Mo ní mi ò rò pé ó mọ̀.