Bátìrì 200: 200 Kí Ni?

Màmá kan tí mo bá so ínfátà pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohùn wọn ti le. "Injiníà, bátìrì 200 tẹ́ ẹ gbé wá yìí, kò pé wákàtí mẹ́ta tó fi dákú. Ṣé kì í ṣe ayédèrú báyìí?"

Nígbà tí mo débẹ̀, n ò tiẹ̀ fọwọ́ kan bátìrì. Wáyà tó nípọn tó ti ara rẹ̀ jáde ni mo fi ẹnu mítà gbá mú. Áńpíà 34! Fíríìsà, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn ló dì mọ́ ọn.

200 yẹn kì í ṣe agbára o, áńpíà-wákàtí (Ah) ni. Kóńgò gààrí tó wà nínú àpò ni kẹ́ ẹ fi wé. Áńpíà ni bí ilé ṣe ń yára bù ú tó. Wákàtí ni iye àkókò tí wọ́n fi bù ú. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ ó mọ iye tó ti jáde. Ẹni tó bá ń bu áńpíà 10 fún wákàtí 20 ti bu 200 tán. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń wọn bátìrì alásíìdì nìyẹn, lórí wákàtí 20. Ẹni tó bá ń yára bù ú kò ní rí 200 yẹn pé. Kò sì yẹ ká bù ú kanlẹ̀, kó má baà tètè kú. Ìdajì ni mo máa ń ní kí wọ́n dúró sí. Ìdajì 200 ni 100. Ẹ fi 34 pín in: kò pé wákàtí mẹ́ta. Bátìrì ò jẹ̀bi.

Ọmọ wọn tó ń múra WAEC dá sí i: "Q = It nìyẹn!"

Òun náà ni. Q ni iye ṣáájì, ìyẹn gààrí tá a bù, I ni áńpíà, t ni àkókò. Àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá ni ìwé físíìsì ń lò, kì í lo wákàtí, kúlọ́ọ̀mù ló sì fi ń ka ṣáájì, látinú orúkọ Charles-Augustin de Coulomb, ará Faransé. Bí kúlọ́ọ̀mù 1 bá ń kọjá nínú wáyà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, áńpíà 1 nìyẹn. Ìṣẹ́jú àáyá 3,600 ló wà nínú wákàtí kan, torí náà kúlọ́ọ̀mù 720,000 ni bátìrì 200. (Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń pàdánù máàkì: áńpíà 2 fún ìṣẹ́jú 5 kì í ṣe 10, 600 ni.)

A yọ fíríìsà kúrò lára ínfátà. Mo tún gbá wáyà mú: áńpíà 18. Kí n tó la ẹnu, ọmọ náà ti ṣírò tiẹ̀ tán: "Wákàtí márùn-ún àbọ̀, Màámi."