Kí Ẹ Tó So Táyà Ńlá Mọ́ Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́

Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀nà Ìdó àti Àkànràn nílẹ̀ Ìbàdàn ti di ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn oníbàárà tó ń fi píkọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ máa ń bá wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa so táyà tó tóbi ju èyí lọ, kí ọkọ̀ lè ga díẹ̀." Wọn ò fẹ́ náwó sórí gbígbé ara ọkọ̀ sókè, táyà nìkan ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀. Ó ṣeé ṣe o, àmọ́ ó níbi tó mọ.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín. Ká ní 225/75R15 ni wọ́n kọ síbẹ̀. 225 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 75 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú 100 fífẹ̀ yẹn. 15 ni ríìmù, ní íǹṣì. Tí ẹ bá ro ó pọ̀, táyà náà ga tó mìlímítà 718 láti ilẹ̀ dé orí. Èyí tó tẹ̀lé e, 235/75R15, ga tó 733. Mìlímítà 15 ni wọ́n fi jura, ìdajì rẹ̀ nìkan ló sì wà lábẹ́ ásù. Ìdajì kejì ti lọ sókè, ó ń wá mọ́gáàdì kiri. Gbogbo owó tí ẹ kó lọ sí Aráròmí ní Gate, mìlímítà 7 àbọ̀ ló fi gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Kò tó sẹ̀ǹtímítà kan.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Gíga tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá lọ sọ́dọ̀ oní-táyà, inú sípíríǹgì tó ti rẹ̀ ni wọ́n ti pàdánù rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láì gbé ẹrù, kí ẹ fi tépù wọn láti àárín wíìlì dé etí mọ́gáàdì, lọ́tùn-ún àti lósì. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí táyà. Ọkùnrin kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti Ìdó gbé Hilux rẹ̀ wá, táyà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń jẹ mọ́gáàdì ẹ̀yìn lápá òsì bó bá ti gbẹ́rù. Nígbà tí a tú sípíríǹgì, pẹlẹbẹ irin kan ti kán sí méjì, ìpata sì ti bo ojú ibi tó kán. Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. A pààrọ̀ sípíríǹgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ̀yìn ọkọ̀ dìde, táyà ò sì kan nǹkan kan mọ́. Ká ní ó ti ṣe ìyẹn ṣáájú ni, bóyá kì bá má ra táyà rárá.

Tí abẹ́ ọkọ̀ bá ti dára, tí ẹ sì ṣì fẹ́ táyà náà, ẹ yá méjì, kí ẹ so wọ́n síwájú, kí ẹ tó sanwó gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé kun èjìká wọn, ìyẹn ibi tí ojú táyà ti pàdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, dáadáa, nínú àti lóde. Ẹ kó ẹrù tí ẹ sábà máa ń gbé sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú kan gun orí pákó tó nípọn, kí táyà lè wọ inú mọ́gáàdì, kí ẹ wá yí sítíárìn dópin sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹ sì rìfáàsì díẹ̀ bó ṣe wà ní yíyí. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí funfun ni táyà ti ń kàn. Tó bá jẹ́ ike tàbí rọ́bà ìdènà ẹrẹ̀, ẹ gé e. Tó bá jẹ́ etí páànù inú mọ́gáàdì, pánẹ́ẹ̀lì bítà á fi òòlù tẹ̀ ẹ́ palẹ̀, á sì kùn ún kí ìpata má mú un. Tó bá jẹ́ irin ṣásí, bóòtù kan wà lẹ́yìn wíìlì tó ń dá sítíárìn dúró. Ẹ lè yọ ọ́ síta díẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ á nílò àyè púpọ̀ sí i láti yí po, ẹni tó ń ná Bẹẹrẹ àti Ọjà Ọba lójoojúmọ́ á sì mọ̀ ọ́n lára. Tí ẹfun bá wà lára họ́ọ̀sì bíréèkì, ẹ dá táyà padà lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn 31x10.50R15, táyà tí wọ́n fi íǹṣì kọ gíga àti fífẹ̀ rẹ̀. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ga tó mìlímítà 787, ó fẹ̀ tó 267, kò sì gbọ́dọ̀ wọ ríìmù tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó íǹṣì 7. Lórí ọkọ̀ tó ń lo 225 tẹ́lẹ̀, tí aago eré bá pe 100, eré 109 lẹ ń sá lọ́nà Èkó. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń fi jíà kẹta gun Òkè Máàpó á máa wá jíà kejì, kúlọ́ọ̀ṣì á máa jó, bíréèkì náà á sì níṣẹ́ púpọ̀ sí i. Wọ́n lè ní kí ẹ fún bóòtù torsion bar, irin gígùn tó ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì, níwájú Hilux tàbí Frontier àtijọ́ kó lè gbà á. Díẹ̀ kò burú, bí ẹ bá ṣe aláínmẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà. Tó bá pọ̀jù, ọkọ̀ á le koko, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì á sì máa tètè lọ. Ní ti spacer tí wọ́n fi ń ti ríìmù síta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Bí ríìmù ṣe ń yọ síta ni táyà á máa gbá bọ́ńpà tí ẹ bá ń yí, bíárìn á sì máa ru wàhálà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù náà, èyí tó tẹ̀lé ìwọ̀n táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 105 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru kílò 925. Nọ́ńbà tuntun kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀, bó ti wù kí táyà tóbi tó. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà kò gbọ́dọ̀ wọ ńlá síwájú, kékeré sẹ́yìn, torí jíà abẹ́ rẹ̀ ló máa jìyà. Ẹ pààrọ̀ sìpẹ́à náà, kí ẹ sì gbé e wọ àyè rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ níṣojú fọganáísà. Bí kò bá gba ibẹ̀, ẹ wá ibòmíì tí ẹ máa dè é mọ́ kó tó di pé ẹ wa ọkọ̀ lọ sóko.