Ohun Mímu Tó Ń Jẹ Eyín Ọmọdé

Àwọn àgbà máa ń ní kòkòrò ló ń jẹ eyín. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kòkòrò náà kéré ju èyí tí ojú lè rí lọ, kì í sì í gé eyín jẹ. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀, ásíìdì sì ni ìgbẹ́ rẹ̀. Ásíìdì yìí ló ń mú kí awọ líle tó bo eyín máa yọ́.

Itọ́ ló ń gbèjà eyín. Á fọ ásíìdì náà dànù, á sì dá kálísíọ́ọ̀mù padà sára eyín, ṣùgbọ́n ó lè gbà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọmọ tó mu ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tán mọ́ oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀kan ni eyín rẹ̀ jìyà. Èyí tó ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti aago 2 di aago 5, itọ́ rẹ̀ ò ráyè ṣiṣẹ́ rárá. Ìgò kan náà, ṣúgà kan náà.

Ṣúgà ọ̀hún kò sì kéré: ìgò 50cl tó dùn dáadáa lè gba bíi kóró ṣúgà 12. Bẹ́ẹ̀ ohun mímu náà fúnra rẹ̀ kan, ásíìdì ti wà nínú rẹ̀. pH ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó; bó ṣe ń kéré sí i ni nǹkan ń kan sí i. Eyín ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí pH bá ti lọ sílẹ̀ ju 5.5, ti kóòkì wà ní nǹkan bí 2.5. Èyí tí kò ní ṣúgà náà kan bẹ́ẹ̀. Sobo tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀ ńkọ́? Ìṣápá ni wọ́n fi ṣe é, ó ti kan kí ṣúgà tó wọ̀ ọ́.

Fídà òru ló burú jù. Bí ọmọ bá ti sùn, itọ́ á dínkù, ògì oníṣúgà tó kù lẹ́nu á sì sùn síbẹ̀. Eyín iwájú tòkè ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ahọ́n ló ń bo tìsàlẹ̀. Ẹ gbé ètè ọmọ sókè wò: ìlà funfun bí ẹfun lẹ́bàá erìgì ni àmì àkọ́kọ́. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń mú eyín le, ṣì lè dá ìyẹn padà. Tó bá ti di ihò, dókítà eyín nìkan ló kù.

Àwọn kan á ní eyín àkọ́kọ́ yóò ṣáà jábọ́. Ti ẹ̀yìn lè wà lẹ́nu títí ọmọ á fi pé ọdún 10 sí 12.